Ìwé Tí Mo Kà ní Wásinmi

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi káàdì iṣẹ́ kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e kọ́rùn lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo ìjọ mọ̀ pé iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe fóònù ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Òwu ni mo gba yàrá sí, ọ́fíìsì wa sì wà ní Kuto, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Èkó. Bí mo bá ń kọjá láàárín àwọn èrò láàárọ̀, àyà mi a yọ síwájú bíi ti àkùkọ. Lójú ara mi, mo ti di èèyàn.

N kò ní purọ́ mọ́ iléeṣẹ́ náà, wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà wọn máa ń wá sí abúlé, wọ́n á bá àwọn àgbẹ̀ jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n á sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí fóònù ṣe fún wọn. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Wásinmi nìyẹn. Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kan tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù, jẹnẹrétọ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, pátákó gígùn tí wọ́n to ihò iná sí wà nínú rẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ń lọ sóko láàárọ̀, wọ́n á fi fóònù wọn sílẹ̀ fún un, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó padà wá gbà á. Bátìrì lè ti kún tipẹ́, orí iná náà ni fóònù yóò wà. Ẹnjiníà obìnrin kan rí èyí, ó sì ṣe ohun kékeré kan sínú fóònù wa tó máa ń pa iná fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá ti kún. Inú ìyá mi dùn débi pé ó di adìyẹ kan lẹ́sẹ̀ fún un lọ sílé.

Ìgbà tó yá, àwọn ọ̀gá tuntun dé, èrè nìkan ni wọ́n sì ń wá. Wọ́n ti yàrá tí a ti ń dán nǹkan wò pa, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò ìpolówó. Fóònù èṣí náà ni wọ́n ń kùn ní àwọ̀ mìíràn lọ́dọọdún, tí wọ́n á fún un lórúkọ tuntun, àwa náà á sì máa pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí wọ́n yọ ohun kékeré tó ń pa iná yẹn kúrò, pé ó ń jẹ èrè wọn. Ẹnjiníà obìnrin náà lu tábìlì nínú ìpàdé. Ó ní, "Bátìrì tó bá kún jù máa ń bú! Ẹ máa pààyàn o!" Èmi ni ọ̀gá àgbà yíjú sí. Ó ní, "Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ Wásinmi, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi fóònù sórí iná látàárọ̀ dalẹ́?"

Mo mọ ìdáhùn. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ìyá mi fi rán mi lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé èmi ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá fún gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, mo sì rí ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, "Rárá o, sà. Àtijọ́ nìyẹn." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lé ẹnjiníà náà lọ, wọ́n sì ti fi mí jọ̀gá. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ pé ọdún kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fóònù wa tuntun méjìlá wà lórí pátákó ìyá mi. Ọ̀kan wú, ó bú gbàmù, iná ràn mọ́ èkejì, gbogbo wọn sì ń bú tẹ̀lé ara wọn. Àgbẹ̀ kan tó tètè ti oko dé ti na ọwọ́ sí tirẹ̀, ó bú mọ́ ọn lójú, ojú òsì rẹ̀ sì fọ́. Ibi tí ìyá mi ti ń wọ́ ọ jáde nínú iná ni ìka rẹ̀ mẹ́ta ti jóná. Àwọn ará ìlú kò ro èyí. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ló ń tú iná ibi jáde. Wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, wọ́n gbá ìyá mi létí, wọ́n sì fi igi ọkọ́ lù ú lẹ́yìn títí igi náà fi dá. Baálẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì tì í mọ́ yàrá nílé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé dé láti oríléeṣẹ́ wa ní Èkó. Wọ́n ní kí n lọ kà á fún àwọn ará Wásinmi, pé fóònù wa kò lábùkù, ẹni tó fi iná sí i ló ṣì í lò. Àwọn ọ̀gá mi kò mọ̀ pé ìyá mi ni ẹni náà, n kò sì sọ fún wọn. Bí èmi àti dírẹ́bà iléeṣẹ́ ti ń lọ nínú mọ́tò ni mò ń tu ara mi nínú pé èdè òyìnbó ni n ó fi kà á, wọn ò ní gbọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò fara pa. Ẹ wo ọgbọ́n orí ọ̀gá gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá!

Nígbà tí a dé, èrò ti kún iwájú ilé baálẹ̀. Òmíràn mú kùmọ̀, òmíràn mú àdá, ẹnì kan yí táyà wá, ẹlòmíràn gbé gálọ́ọ̀nù bẹntiróò dání. Wọ́n ti wọ́ ìyá mi jáde, wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹnu rẹ̀ wú. Mo ní, "Ẹ kú ìpàdé o, ẹ̀yin bàbá."

Ọdẹ àgbà kan gbé àdá síwájú ìyá mi kí ó fi búra. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó fi ẹnu kan irin náà, ó ní, "Bí mo bá fi iná ibi sí fóònù ẹnikẹ́ni, kí Ògún mu ẹ̀jẹ̀ mi lónìí." Nígbà tó gbé ẹnu kúrò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára àdá.

Baálẹ̀ kọjú sí mi. "Ọmọ ẹ̀ ni ẹ́, o ò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Kí ni àwọn tó ń ṣe fóònù wí? Yorùbá ni kó o fi sọ ọ́ o."

Ìyá mi wò mí. Mo kà á. Mo kà á ní Yorùbá tó já gaara, pé fóònù kò lábùkù, ẹni tó fi iná sí i ló ṣì í lò. Kò tíì bọ́ lẹ́nu mi tán tí òkúta fi ba ìyá mi níwájú orí. Ìyàwó àgbẹ̀ tó fọ́jú fi ọmọ odó gbá a léjìká, mo gbọ́ bí eegun ṣe dún. Wọ́n ti fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, ẹni tó gbé gálọ́ọ̀nù sì ti ń ṣí ìdérí rẹ̀.

Ọdẹ àgbà ló pariwo. "Ẹ dúró! Ìyá ti fẹnu kan irin. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, kó tún un sọ!"

Ó na àdá náà sí mi. Èmi yìí náà ló ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé irin lásán ni irin. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ò tíì gbẹ lára rẹ̀. Mo la ẹnu, ẹnu kò sún mọ́ ọn. Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Èmi ni! Mo mọ̀ pé fóònù yẹn kò dáa. Àwọn ọ̀gá mi bi mí, mo purọ́ fún wọn!"

Táyà kúrò lọ́rùn ìyá mi, ó di ọrùn mi. N kò lè ka iye ẹni tó lù mí. Eyín mi méjì bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, ìhà mi dá, bẹntiróò sì ń ta mí lójú. Dírẹ́bà iléeṣẹ́ ti gbé mọ́tò sá lọ. Ìyá mi ló fi àyà wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó sùn lé mi lórí, wọ́n sì ń lu òun náà. Ìgbà tí ọdẹ àgbà yìnbọn sókè ni wọ́n tó tú ká.

Wọ́n lé mi níṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Iléeṣẹ́ ọ̀hún ṣì ń bẹ, wọ́n sì ti gbé àwọ̀ tuntun mìíràn jáde. Òwu ni mò ń gbé títí di òní, mò ń tún fóònù ṣe, ìyá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí máa ń yìn mí, wọ́n á ní ọkùnrin ni mí, mo jẹ́wọ́ lójú ikú. Ìyá mi kì í dá sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń bá a gé èékánná àwọn ìka rẹ̀ tó kù. Ó pe orúkọ mi jẹ́jẹ́. Ó ní, "N ó bi ẹ́ o. Ká ní bàbá ọdẹ ò mú àdá yẹn wá ńkọ́?"

Mo tẹrí ba sórí èékánná tí mò ń gé. N kò tíì dá a lóhùn títí di àárọ̀ yìí, kò sì tún bi mí mọ́.