Yàrá Ìpààrọ̀ Aṣọ

Nínú gbogbo dókítà tó ń fi abẹ tún eegun ṣe nílé ìwòsàn kan, obìnrin kan ṣoṣo ló wà. Dókítà Eegun làwọn aláìsàn ń pè é, torí itan tó bá ti kán tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ọpẹ́ ló kù. Àmọ́ igi kan kì í dágbó ṣe.

Ibi tó ti ń ká a lára jù ni ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Yàrá méjì ló wà níbẹ̀: ti àwọn dókítà, ìyẹn àwọn ọkùnrin, àti ti àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń lò. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu wọn. "Ẹ káàárọ̀ mà," ni wọ́n á wí, kálukú á wá máa wá bàtà tí kò sọ nù. Lẹ́yìn ògiri, á máa gbọ́ táwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín kàkàkà.

Lọ́dún kan, ó dábàá ìwádìí fún ẹ̀ka wọn. Ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí wọ́n fi irin rọ́pò oríkèé ìbàdí fún máa ń padà wá pẹ̀lú ìrora ju àwọn ọkùnrin lọ, ó sì fẹ́ mọ ohun tó fà á. Kó tó dọjọ́ ìpàdé, ọ̀gá wọn bá a pàdé lọ́nà.

"Ìwádìí rẹ yẹn, a ti ní kó sinmi ná."

"Ìgbà wo lẹ ṣèpàdé, sà?"

"Ìpàdé kẹ̀? À ń pààrọ̀ aṣọ ni, lọ̀rọ̀ bá já síbẹ̀."

Kò sí ìkà lójú ọ̀gá rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn ún wọra. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó rántí pé òun náà yẹ kó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbá ilẹ̀kùn àwọn ọkùnrin gbà-gbà-gbà.

"Ẹ wọ ṣòkòtò yín o, mo ń wọlé bọ̀!"

Ariwo ta. Ọ̀kan nínú wọn ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Obìnrin náà wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn.

"Ọ̀rọ̀ ìwádìí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ lójú mi."

Wọ́n wo ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n tún un sọ, wọ́n sì gbà kó ṣe ìwádìí náà. Láti ìgbà náà, yàrá ìpàdé ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka. Ìwádìí náà jáde, orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú. Nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìn tì, òun ni wọ́n fi ṣolórí. Obìnrin kankan ò débẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ò gbàgbé ọjọ́ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Lọ́jọ́ tó gbapò, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn nìkan sì jọ jáde lọ jẹun. Bóyá kálukú rò pé ẹlòmíì ti pè é.

Obìnrin náà gbé oúnjẹ ka orí tábìlì gbàgẹ̀rẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì tuntun náà, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Orí mi wú, ọmọ mi! Àwọn wo ló ń bá ọ yọ̀?"

"Èèyàn pọ̀ níbí, Mọ́mì."

Ìyá tẹ́tí sílẹ̀. "N ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ obìnrin náà, kò dé ẹnu.

"Má pa fóònù," ni ìyá wí. "Máa jẹun. Mo wà níbí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.