Bí Mo Ṣe Fi Omi Jafẹ́lì Fọ Iṣẹ́ Ọmọ Mi Dànù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Kétu wá kí wa ní Cotonou. Ẹ sì mọ̀ pé èmi ò gba ìdọ̀tí láyè. Ni mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì àti omi jafẹ́lì tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, mo fọ gbogbo ewéko pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi dànù. Ògiri mọ́ fóò!

Bí Ràmátù ọmọ mi ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó figbe ta. Ṣé ejò ni? Kò sí ejò o! Ewéko yẹn ló fẹ́ gbé lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Epatíìkì làwọn Faransé ń pè é. Olùkọ́ ní kí wọ́n fi ohun ẹlẹ́mìí méjì wé ara wọn, ó sì fẹ́ fi í wé ẹranko kan ní ilẹ̀ Éṣíà tó ń jẹ́ tupáì, tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí kì í sì ṣe ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rárá, ojú máa ń tì í. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa nawọ́ pé òun fẹ́ dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun nìyí. Ó ní òun ò lọ mọ́. Mo bẹ ọmọ tí mo bí, mo bẹ̀ ẹ́ gan-an.

Níbo la ti máa rí òmíràn? Ó ku ògiri Ìyá Àfúsá, aládùúgbò wa, ògiri tí mo máa ń pariwo pé ó dọ̀tí. Mo gbé ìtìjú tà, mo lọ kanlẹ̀kùn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ṣé ìdọ̀tí òun ni Bàbá Ràmátù wá tọrọ báyìí? Mo ní ẹ jọ̀ọ́, òun náà ni. Ó fi ọ̀bẹ họ díẹ̀ sínú ike fún wa.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì. Ràmátù ṣàlàyé pé ewéko ni ọ̀kan, kò ní gbòǹgbò gidi, kì í yọ òdòdó. Ẹranko ni èkejì, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó sì ní ẹbí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Olùkọ́ bi í pé èwo ló wà nínú ewu. Ó ní àwọn onímọ̀ ti yẹ tupáì tó wọ́pọ̀ jù wò, wọn ò tíì bẹ̀rù fún un. Ṣùgbọ́n irú epatíìkì tó wà lára ògiri yìí, òun ò rí ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

"Àmọ́ nílé tiwa," ó ní, "bàbá mi ni ewu ẹ̀!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ohùn ọmọ mi dé ìta gbangba!

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa béèrè kẹ́ ẹ tó fọ nǹkan dànù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kà sí lè jẹ́ òun gan-an ló máa la ọmọ yín lẹ́nu. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti bàjẹ́ mọ́ ọmọ yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ wá ń bẹ̀ ẹ́? Ẹ kọ ọ́ síbí o, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan!