Kámẹ́rà Méjì Níwájú Dúró-Gbọin

Dúró-Gbọin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó máa ń pariwo kó tó tẹ kámẹ́rà nìyẹn: "Ẹ dúró gbọin!" Bí o jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ o, bí o jẹ́ ọmọ ọwọ́ o, gbọin náà ni wàá dúró. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbúrẹ́dì ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ wà, òórùn búrẹ́dì gbígbóná sì ti wọnú aṣọ dúdú tó ta sára ògiri débi pé àwọn oníbàárà a máa sọ pé ebi ló máa ń pa àwọn nínú fọ́tò Dúró-Gbọin.

Ó mọ iṣẹ́. Ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kámẹ́rà rẹ̀ ti gbó. Rọ́bà ara rẹ̀ ti bó, ó fi téèpù dúdú wé e níbi tí ọwọ́ ń dì mú. Síbẹ̀, kámẹ́rà náà lè fúnra rẹ̀ wá ojú ẹni tí wọ́n ń yà kó sì mú un mọ́, ṣùgbọ́n Dúró-Gbọin kì í gbà fún un. Òrùka tó wà lára lẹ́ńsì ló máa ń fọwọ́ yí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò, títí àwòrán á fi mọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ò lè rán ẹ̀rọ níṣẹ́ ojú," ló máa ń wí. "Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ríran fún òun, kó yáa lọ máa ta yìnyín."

Àfi bí fọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàìbàì. Níbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, olùkọ́ kan dá fọ́tò kíláàsì rẹ̀ padà, ó rọra bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èéfín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni?" Dúró-Gbọin rẹ́rìn-ín, ó tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti ń rẹ kámẹ́rà.

Lẹ́yìn èyí ni ìyàwó rẹ̀ já báàgì kámẹ́rà sílẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó yìí, àwọn ìbejì ni wọ́n bí, Ìyá Ìbejì ni ọkọ rẹ̀ sì ń pè é. Ó fẹ́ gbé báàgì kúrò lórí àga kó lè jókòó, okùn rẹ̀ há mọ́ apá àga, ó sì bọ́. Tìmùtìmù wà nínú báàgì, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ọkọ rẹ̀. Ká ní ó panu mọ́ ni, ta ni ì bá mọ̀? Dúró-Gbọin yẹ kámẹ́rà wò lọ́tùn-ún lósì, kò rí nǹkankan. Ó ní kò burú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn, ó sì bá wọn gbé fúngbà díẹ̀. Màmá ò fẹ́ràn fọ́tò, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ó jókòó síwájú fèrèsé nínú aṣọ búlúù. Dúró-Gbọin gbé kámẹ́rà sójú, ó yí òrùka, ó ní, "Màmá, ẹ dúró gbọin!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí, ibo lo rò pé mo fẹ́ sá lọ?"

Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Màmá padà sílé, kò sì pẹ́ rárá tó fi sùn tí kò jí mọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ Màmá fẹ́ fọ́tò tí wọn yóò fi ṣe ìrántí rẹ̀, gbogbo wọn péjọ sí pálọ̀ Dúró-Gbọin, ó sì ṣí fọ́tò wọ̀nyẹn lórí kọ̀ǹpútà. Kọ́tìnnì ẹ̀yìn Màmá mọ́ gaara, o lè máa ka òwú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Màmá rí bàìbàì, bí ojú ẹni nínú dígí ilé ìwẹ̀ tí ooru omi ti bò. Ó ṣí èkejì, bákan náà. Ó ṣí gbogbo wọn tán. Ẹ̀rín ni Màmá ń rín, a rí i pé ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n a ò rí Màmá.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Dúró-Gbọin. Àfi bíi pé ẹnìkan ló ti ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀: "Kámẹ́rà ló bàjẹ́. Ìyá Ìbejì ló já a sílẹ̀."

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí balẹ̀, ó fọ́, kò sì sẹ́ni tó lè ṣà á. Ìyá Ìbejì wolẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ọwọ́ mi ló ti bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àwọn ti dárí jì í. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, àbígbẹ̀yìn wọn, pòṣé, ó sì jáde kúrò ní pálọ̀. Dúró-Gbọin jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka ra etí tábìlì. Ó rántí olùkọ́ tó béèrè èéfín lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí rẹ̀, ó sì ti ìrántí náà sẹ́yìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ ti bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ìbejì ti ń sọ pé, "A ó ra bọ́dì tuntun, ara kámẹ́rà láìsí lẹ́ńsì. Èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, màá bá yín fi kún un." Ọkọ rẹ̀ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta kámẹ́rà. Ìyá Ìbejì gbé báàgì náà lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú láti ibi tí wọ́n ti wọkọ̀ títí dé ibi tí wọ́n bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin ọlọ́jà náà kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí káńtà, ó gbé bọ́dì méjì lé e.

"Dádì, èyí tó tóbi yìí, àbúrò tiyín ni. Dígí tó ń gbé àwòrán wá sójú yín wà nínú rẹ̀ bíi tiyín, gbogbo lẹ́ńsì yín ló máa gbà, bátìrì rẹ̀ ò sì ní tètè kú. Èyí tó kéré yìí ò ní dígí nínú. Ó fúyẹ́. Bátìrì rẹ̀ máa ń tètè lọ, ẹ sì máa nílò ìsopọ̀ kan kó tó gba lẹ́ńsì yín. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá rí nínú ihò tẹ́ ẹ ń yọjú wò lára rẹ̀, fọ́tò gan-an lẹ rí yẹn. Ẹyinjú èèyàn ló sì máa ń wá lọ fúnra rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá yí orí, á tẹ̀ lé e."

Dúró-Gbọin yínmú. "Eré ọmọdé."

Ìyá Ìbejì fọwọ́ kan etí aṣọ funfun náà. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "èwo nínú méjèèjì ni kì í tètè bàjẹ́ bó bá ṣubú?"

Ìbéèrè yẹn wọ Dúró-Gbọin lára bí abẹ́rẹ́. Ó sáré gbé bọ́dì ńlá, ó ní èyí ló wu òun, kí wọ́n dì í fún òun.

"Ẹ ní sùúrù, Dádì," ọlọ́jà ní. "Kí ló ṣe ti àtijọ́ gan-an? Tó bá jẹ́ lẹ́ńsì ló ní àléébù, ẹ ó kàn gbé àìsàn láti ilé àtijọ́ lọ sí ilé tuntun ni."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Wọ́n fi lẹ́ńsì rẹ̀ sára bọ́dì ńlá náà, ó yí òrùka, ó ya ìyàwó rẹ̀ níbi tó dúró sí. Bàìbàì. "Ẹ ò rí i!" ó ní, "lẹ́ńsì ni!" Ọlọ́jà yọ ọ́, ó fi lẹ́ńsì tuntun láti inú káńtà rọ́pò rẹ̀. Dúró-Gbọin tún yí i, ó tún yà á. Bàìbàì náà ni. Ògiri ẹ̀yìn ló mọ́.

Ọlọ́jà gbé kámẹ́rà àtijọ́ onítéèpù, ó dá lẹ́ńsì àtijọ́ padà sí i, ó yí bọ́tìnnì tí Dúró-Gbọin kì í fọwọ́ kàn, kí kámẹ́rà lè fúnra rẹ̀ wá ojú èèyàn. Ó ya Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì gbé e sórí káńtà.

Fọ́tò náà mọ́ kedere. Irun ìpéǹpéjú Ìyá Ìbejì ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òwú funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ hàn síta.

"Dádì," ọlọ́jà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ti lọ rí dókítà ojú láìpẹ́ yìí?"

"Ojú mi dá ṣáká."

"Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí bọ́dì yìí."

Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó na ọwọ́ jìnnà. Ó tún nà án sí i. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ ẹlòmíràn kún tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní tó.

Ìyá Ìbejì ò wò ó. Fọ́tò ló ń wò. "Kámẹ́rà ò bàjẹ́ nígbà náà," ó ní. "Kì í ṣe èmi."

Ì bá dára ká ní Dúró-Gbọin sọ òótọ́ níbẹ̀. Ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbẹ̀yìn ni, "Ẹ bá wa di èyí tó tóbi."

"A ò ra nǹkankan lónìí," ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún ọlọ́jà. "Ẹ ṣé gan-an." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì ṣáájú jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Wọ́n ti rìn jìnnà kó tó bi í pé, "Fọ́tò kíláàsì tí olùkọ́ dá padà, ṣáájú kí n tó já báàgì sílẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Irọ́ wà nílẹ̀, ó rọrùn láti mú. "Ṣáájú ni," Dúró-Gbọin ní.

"Ẹ sì mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dárúkọ mi."

"Mo mọ̀."

Ó mi orí, ó sì kọjú sí fèrèsé. Kò bú u. Kò sunkún. Dúró-Gbọin jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì mọ ibi tí ì bá tọ́jú wọn sí. Ká ní ilẹ̀ lanu nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ì bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ó lọ rí dókítà ojú, wọ́n sì fún un ní awò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi í sójú wọ ṣọ́ọ̀bù, ó wo àwọn fọ́tò tó gbé kọ́ ògiri láti máa fi pe oníbàárà. Ó já àwọn tó rí bàìbàì lulẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ́kù kò pọ̀. Gbogbo èèyàn tó ti ń gun àtẹ̀gùn wá síbẹ̀ ló ti ń rí ohun tí òun nìkan ò rí, wọ́n kàn ń fojú fò ó nítorí ọ̀wọ̀ ni.

Ohun tó kù ló le jù. Ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo wọn, àti Ìyá Ìbejì, wà níbẹ̀. Wọ́n fún un lága, kò lè jókòó. Ọ̀rọ̀ gígùn tó ti tò sílẹ̀ látilé fò lọ bí èéfín.

"Ojú mi ni," ó ní. "Kì í ṣe ọwọ́ Ìyá Ìbejì. Kámẹ́rà ò ní nǹkankan nínú. Mo sì ti fura kí n tó dá a lẹ́bi níwájú yín."

Akọ̀wé kóòtù bọ́ fìlà, ó gbé e lé orókún. "Àwa dárí jì í fún ohun tí kò ṣe," ó ní, "a sì rò pé àánú la ṣe fún un. Ta ni yóò wá dárí ji àwa?"

Àbígbẹ̀yìn tó pòṣé níjọ́sí dìde, ó lọ jókòó sẹ́sẹ̀ Ìyá Ìbejì, ó gbé orí lé e nítan, ó ń sunkún. Wọn ò bú Dúró-Gbọin. Ó wù ú kí ẹnìkan bú òun, kó lè ní nǹkan tó máa gbé dání lọ sílé. Omi ni wọ́n bù fún un.

Nígbà tó padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà, òun nìkan ló lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ yan èyí tó bá wù ú. Ó gbé bọ́dì ńlá sójú pẹ̀lú awò, ó yí òrùka, gbogbo nǹkan mọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó sì rò ó pé òun lè máa bá iṣẹ́ òun lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó dúró lórí èrò yẹn díẹ̀. Ojú kì í padà di ọmọdé. Àwọn tó ń wá jókòó síwájú rẹ̀ ò wá wo bó ṣe mọ òrùka yí tó, ojú tiwọn ni wọ́n wá gbà. Ó gbé bọ́dì ńlá sílẹ̀, ó sì mú kékeré, èyí tó pè ní eré ọmọdé. Ọlọ́jà ò bi í léèrè ìdí. Ó dì í fún un.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí. Kámẹ́rà á fi ìlà kékeré yí ẹyinjú oníbàárà ká, Dúró-Gbọin á tẹ̀ ẹ́, á sọ fọ́tò náà di ńlá, á yẹ̀ ẹ́ wò kí onítọ̀hún tó dìde. Bí wọ́n bá ní, "Ẹ mà mọ iṣẹ́ o," etí rẹ̀ á gbóná, á sì ṣe bí ẹni tó ń wá bátìrì nínú dúróà.

Nílé, Ìyá Ìbejì ń bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún gun òkè wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, ó gbé awò tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé sórí fírííjì wá fún un. Ó bá a nu ojú awò náà pẹ̀lú etí ìró rẹ̀ kó tó nà án sí i.

"Ìyá Ìbejì," ọkọ rẹ̀ ní, "ṣé kí n yà ọ́?"

Ó wo àga tó wà níwájú aṣọ dúdú, ó wo kámẹ́rà tuntun. "Rárá," ó ní, "kì í ṣe òní."

"Ó dáa."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Dúró-Gbọin ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ tó kí oníbúrẹ́dì nísàlẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Ó fi awò sójú, ó sì ké sí oníbàárà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kó máa bọ̀ wọlé.