Mo Dúró Láìdáhùn Lábẹ́ Igi Kajú

Òórùn kajú ni mo fi ń rántí Atokoligbé, abúlé kan ní ilẹ̀ Benin. Kì í ṣe ti kóró tí wọ́n ń yan o, ti èso rẹ̀ gan-an ni, tó bá ti já bọ́ sílẹ̀ tó sì ti ń kan, tí òórùn rẹ̀ á wá dà bíi ti ọtí tí wọ́n gbàgbé sínú agbè. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oko kajú ló wà lẹ́yìn ilé tí mo háyà, ó sì lọ títí dé ojú ọ̀nà tí àwọn ará abúlé ń gbà lọ sóko. Inú òórùn yẹn ni mo máa ń dúró sí ní ìdájí, títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mi ò sí lára àwọn alààyè mọ́. Má tíì rẹ́rìn-ín. Ó dé ibì kan tí èmi náà ò mọ ohun tí mo lè fi bá wọn jiyàn.

Ọrùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọrùn mi gan, mi ò lè wẹ̀yìn láìyí gbogbo ara. Dókítà kan ní Savalou ní kí n wá eré ìdárayá tí kò le ṣe, ẹnì kan sì júwe nọ́ọ̀sì àgbà kan fún mi, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tó kàwé nílẹ̀ Ṣáínà nígbà èwe rẹ̀, tó wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní qigong, eré ìmí àwọn ará ibẹ̀, nínú àgbàlá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣígọ́ńgì ni ẹnu tiwa ń pè é. Á ní kí o dúró, kí o tẹ orúnkún díẹ̀, kí o máa gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nínú omi, kí o sì máa mí láti ìsàlẹ̀ ikùn. O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá pè ọ́, jẹ́ kí ohùn rẹ̀ kọjá lọ. Èdè Mahi ló fi ń bá àwọn ará Savalou sọ ọ́, á wá tún un sọ lédè Faransé fún èmi. Bí a bá parí, á ní: "Ẹ sùn dáadáa o. Ẹni tí kò bá sùn tó, kó má ṣe é rárá." Gbogbo wa á ní a ti gbọ́. Èyí tó wọ̀ mí létí ni pé àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù.

Ó sì ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Ọrùn mi rọ̀, orí mi fúyẹ́, ni ojúkòkòrò bá wọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, bí àkùkọ bá kọ ni mo máa ń jí. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń jí ṣáájú àkùkọ. Mo ní aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ kan tí mo máa ń wọ̀ nítorí ẹ̀fọn, mo sì máa ń fi ìborí funfun bo orí nítorí ìrì. Àwọn tó ń lọ sóko á kọjá, wọ́n á kí mi: "Màdáàmù, ẹ jíire o." Mi ò ní dáhùn, nítorí inú ìmí ni mo wà. Ìwọ náà ṣáà mọ àwọn èèyàn wa. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, yálà ara rẹ̀ ò yá, tàbí ó ń bínú. Bí kò bá sì jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, kí ló kù tó lè jẹ́?

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló kọ́kọ́ yí padà. Wọ́n á gbé síléètì wọn sí etí tábìlì mi, wọ́n á sì máa wo ẹsẹ̀ mi, bóyá ó kan ilẹ̀. Àwọn kan ò wá sílé-ìwé mọ́. Ìyá àgbà tó nilé, tó máa ń fi iṣu gbígbóná lé mi lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á wá pẹ̀yìn dà. Lọ́jọ́ kan ó dúró lókèèrè, ó ní: "Màdáàmù, àwọn èèyàn yín dà?"

Mo ní ìyá mi ń bẹ ní Bantè, ó ń ta epo bẹntiróòlù, pé ìlú Nàìjíríà ni àwọn òbí mi ti wá ṣòwò kí wọ́n tó bí mi.

"A ò tíì rí i rí," ló sọ, ó sì wọlé.

Nígbà yẹn, oorun mi ti di ìtòògbé lásán. Ọwọ́ mi á ti gbéra kí n tó rò pé kí n gbé e. Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo lajú, mo sì rí obìnrin kan tó wọ funfun ní òdìkejì oko kajú, tó ń gbé ọwọ́ sókè. Mo sọ tèmi kalẹ̀. Ó dúró díẹ̀, òun náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí, èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù dòní. Ohun tí mo rò nínú ọkàn mi ni pé, ó dára, mo ti rẹ́ni bá mi ṣe é. Nígbà tí mo padà sílé, mo yọjú lójú fèrèsé, ó sì dà bíi pé ẹnì kan sùn sórí ẹní mi, tó fi aṣọ borí. Mo dúró síta ilé ara mi, mi ò fẹ́ wọlé kí n má baà jí i. Ilẹ̀ mọ́ tán kí n tó rí i pé ìró tí mo ká sílẹ̀ ni.

Ọjọ́ náà ni ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú ń tì í. "Wọ́n ní àkúdàáyà ni yín, Màdáàmù." O mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ẹni tó ti kú nílé, tó wá lọ ń gbé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, tó jẹ́ pé bí ará ilé rẹ̀ bá ti rí i báyìí, á pòórá. Bí ó bá ń bá a lọ báyìí, ó ní, kò ní sí ọmọ kankan nínú kíláàsì mi mọ́. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni mo ń ronú ìgbà tí ẹnì kan fọwọ́ kàn mí kẹ́yìn, mi ò sì rántí. Ìyá àgbà onílé ti ránṣẹ́ sí Bantè. Ó ní kí ìyá mi wá fojú ara rẹ̀ rí mi, kí gbogbo ayé mọ̀.

Ọ̀sán gangan ni ìyá mi dé lórí alùpùpù akérò. Àwọn èèyàn ti jáde, wọ́n dúró lókèèrè. Mo wà níwájú ilé. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń pe oríkì mi láti ìkọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi sì yí padà. Ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ ni mò ń sọ fún ọ, mo fẹ́ sá. Gbogbo ara mi ní kí n wọ inú oko kajú lọ, níbi tí obìnrin yẹn máa ń dúró sí. Mo gbé ẹsẹ̀, kíkùn sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn.

"Níbo lò ń lọ?" ni ìyá mi wí. "Mo ń pè ọ́, o ò dáhùn?"

Bóyá nítorí pé láti kékeré ni ohùn yẹn ti máa ń dá mi dúró, mi ò mọ̀. Mo yíjú sí i, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà," ni mo wí, ohùn mi sì dà bíi pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Mi ò pòórá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di ọrùn mi mú, ó wo ojú mi, ó sì yíjú sí gbogbo wọn: "Ọmọ yìí ò sùn ni! Ẹ bá mi tẹ́ ẹní." Ìyá àgbà onílé bú sẹ́kún.

Mo sùn ní ọ̀sán yẹn bí ọmọ ọwọ́. Ìyá mi jókòó tì mí, ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lé adìyẹ àti àwọn tó wá wòran. Nígbà tí mo jí, ìyá àgbà fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ó gbóná," ó sì gbé iṣu lé mi lọ́wọ́.

Mo ṣì ń ṣe ṣígọ́ńgì, ṣùgbọ́n oorun ló ń ṣáájú. Bí ojú mi bá wúwo, mo máa ń yí ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Ẹni tó bá sì kí mi, bí ọwọ́ mi bá wà lókè, màá dá a dúró, màá dáhùn. Nọ́ọ̀sì Savalou ní mò ń ba ìmí jẹ́. Kó bàjẹ́.

Nítorí pé kí n tó kúrò ní Atokoligbé, mo padà sí abẹ́ igi kajú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí mo ti sùn dáadáa, tí oòrùn sì ti yọ. Mo wo òdìkejì, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà ń kọjá lọ sóko. "Màdáàmù, ẹ jíire o." Mo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí òdìkejì oko, ó tún ní, "Ẹ jíire o," ó sì dúró. Kò sí ìdáhùn. Mo rí i tó ká ìró rẹ̀ sókè, tó sì yára kọjá lọ. Mi ò sọ̀rọ̀ obìnrin yẹn fún un rí, ṣùgbọ́n alààyè ló ń dáhùn, èmi sì ti dáhùn tèmi.