Ọlọ́kọ̀ Tí Mo Kí Lójú Òkun Àríwá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí bàbá mi máa ń gbé mi jókòó síwájú ọkọ̀ rẹ̀, kò sí ọ̀nà ilẹ̀ kankan tó dé abúlé wa. Omi la fi ń lọ sọ́jà, omi la fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, omi náà ni mo gbà lọ sí ilé ìwé ìjọ níbi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Bíbélì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí lè má mọ bí irú ibẹ̀ ṣe máa ń dá páropáro láàárọ̀. Kùrukùru á bo odò, igi ẹ̀gbà tó ń ta gbòǹgbò sínú omi á dúró lọ́tùn-ún lósì, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan ju ìró àjẹ̀ nínú omi lọ.

Nítorí náà, ọkọ̀ méjì kì í pàdé kí wọ́n má kí ara wọn. Tí o bá rí ọkọ̀ lókèèrè, wàá ké sí i: "Ẹ kú ojú omi o! Níbo lẹ ti ń bọ̀?" Onítọ̀hún á dá ọ lóhùn, á sọ ẹni tó bímọ níbi tó ti ń bọ̀ àti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ẹni tó bá kọjá láì fọhùn, ọ̀ràn ń bẹ nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ṣojú mi lọ́jọ́ kan. Obìnrin kan ń wa ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá mi kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn. Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ìgbéraga ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Ó ní, "Ẹnu ẹ gùn jù. Di ọkọ̀ mú!"

Ó yí ọkọ̀ padà, ó lé obìnrin náà bá. Ọmọ rẹ̀ ló sùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí ohùn ìyá jáde mọ́. Bàbá mi gbàdúrà sínú omi mímu wa, ó bu díẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu, ó so ọkọ̀ wọn mọ́ tiwa, ó sì wà wọ́n dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà yè. Láti ọjọ́ yẹn, kíkí ẹni tó bá dákẹ́ lójú omi ti wọ̀ mí lára bí àdúrà òwúrọ̀.

Ọlọ́run ló mú mi la òkun wá sí Thamesmead ní London, mo dúpẹ́. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn arúgbó, èmi náà wá darúgbó. Èmi ni mo tọ́ ọmọ ọmọ mi obìnrin, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbélé. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé láti Woolwich, kò ní jẹ́ kí n bọ́ sùtánà mi tán tí a fi máa lọ wo pẹ́pẹ́yẹ ní adágún omi Birchmere. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dàgbà, tó ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, lókè àríwá lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé tó bá ti lọ, èmi nìkan ló kù nínú ilé.

Ọ̀sẹ̀ tó máa lọ, ó mú mi lọ sí Scotland kí á wọ ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ wo ẹranko. "Mama, èmi àti ẹ nìkan o!" Bó ṣe ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi. Ẹranko onírun kan wà tó ti ń fẹ́ rí láti kékeré, èyí tó máa ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi jẹ ẹja. Ojora ẹranko náà pọ̀, tó bá ti gbọ́ ohùn èèyàn, á rì sínú omi.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Igbó dúdú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí wọ inú òkun. Ọkùnrin tó ń darí wa ní tí òun bá ti nawọ́ sókè, kí ẹnikẹ́ni má fọhùn. A dúró títí. Nígbà tó yá, ó nawọ́. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú pinpin.

Ojú mi ò rí ẹranko kankan. Ohun tí mo rí ni ọkọ̀ kékeré kan tó yọ létí igbó, ọkùnrin kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó dorí kodò, ó ń wa ọkọ̀ kọjá láì fọhùn. Kò sẹ́ni tó wò ó. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo dìde: "Ẹ kú ojú omi o! Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Omi dún gbúlọ́. Gbogbo ojú yí sí mi.

"Mama! O ti lé e lọ! O ò lè dákẹ́ ni?"

Ọlọ́kọ̀ náà gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè sí mi, ó sì kọjá. Èmi nìkan ló rí i pé ó dá mi lóhùn.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ní, "Má bínú, ọmọ mi." Ó ní, "Ó ti tán, Mama," ó sì kọjú sí fèrèsé títí a fi dé London. Mo fẹ́ sọ ìtàn obìnrin tí kò fọhùn yẹn fún un, kó lè mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, ó ń di ẹrù. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ gbé e lọ. Ẹ̀yin ti gbọ́ ìtàn náà báyìí, òun ò tíì gbọ́ ọ.

Lóṣù tó kọjá, ó fi fídíò ránṣẹ́. Ẹranko rẹ̀ náà nìyẹn, ó ń jẹ ẹja lórí omi. Mo fi fóònù sétí bóyá màá gbọ́ ohùn ọmọ mi, atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wákàtí mẹ́rin lòun fi jókòó láì fọhùn kó tó yọjú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Láyé tiwa, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ ló ń pariwo sí ọ. Láyé ìsinsìnyí, wọ́n ní kí èèyàn má da ẹnìkejì láàmú ni ìfẹ́. Bóyá òótọ́ ni, nítorí ẹranko yẹn kì bá ti yọjú tí kì í bá ṣe pé ọmọ mi mọ̀ ọ́n dákẹ́. Èmi náà ti ń kọ́ ọ. Mo jókòó sínú ilé, mi ò pè é léraléra, mo ń retí rẹ̀.