Iná Tí Mo Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìkòròdú ni pé mò ń fi ìṣirò dá iná sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òun ni mo fi ń jẹun.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ ní ààrò amọ̀ kan tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ìyá wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, èéfín rẹ̀ gbá mi lójú, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe akọ̀wé.

“Màmá, ààrò yìí ń jẹ igi jù. Ẹ jẹ́ kí n fi kọ̀ǹpútà ya tuntun fún yín.”

“Ẹ̀ńjiníà! Iná inú kọ̀ǹpútà, ṣé ó máa ń jóni lọ́wọ́?”

“Rárá o, Màmá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Báwo ló ṣe máa wá jó ẹja?”

Síbẹ̀, torí pé wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n gbà. A wó ti amọ̀, a kọ́ ti bíríkì, ẹnu rẹ̀ tóóró, kò gbà ju igi méjì lọ. Kọ̀ǹpútà mi ló ní ó tó.

Ẹja kò gbẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, eṣinṣin nìkan ló yìn mí.

Mo padà sílé, mo tú ìṣirò mi wò. Ooru ti wà ní ìpamọ́ nínú igi kó tó jó. Iná kàn ń tú u jáde ni. Ẹni tó bá ti ka ti ìpamọ́ yẹn mọ́ agbára igi láti ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún fi ooru kún un nígbà tí igi bá ń jó. Ẹni tí kò bá kà á tẹ́lẹ̀ ló ń fi kún un. Ọ̀kan ni kéèyàn mú. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo mú méjèèjì, iná inú kọ̀ǹpútà mi sì gbóná ju ohun tí igi ní lọ́wọ́ lọ, ló fi ní igi méjì tó.

Mo lọ jẹ́wọ́. Ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó ti agbọ̀n ẹja, wọ́n ń dúró kí ààrò onítọ̀hún ṣófo.

“Ó yé mi,” ni wọ́n wí. “O ka ẹja nínú àwọ̀n, o tún kà á nínú agbọ̀n.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti pa ìlà kan rẹ́ nínú ìṣirò náà, ó ti péye, ká wá fẹ ẹnu ààrò bíríkì náà.

“Ó dáa, ọkọ mi. Ààrò tí ìyá mi mọ ńkọ́?”

Aládùúgbò ní ó ti kàn wọ́n. Mo bá wọn gbé agbọ̀n náà lọ sí ẹnu ààrò amọ̀ ẹlòmíràn.