Ọjọ́ Tí Ìyàwó Mi Sùn Nínú Ọkọ̀ Oníná

Òórùn epo bẹntiróò ni ìyàwó mi kò lè gbà mọ́. Kí àìsàn kíndìnrín tó dé, òun gan-an ló máa ń bá mi di ike mú bí mo bá ń rọ epo sínú takisí mi, tí á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òórùn epo ni òórùn ìfẹ́ tí òun fi mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú, nǹkan yí padà. Bí mo bá ti sítáátì ọkọ̀ báyìí, èébì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e.

Nyanya, lẹ́bàá Abuja, là ń gbé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ á tò títí ojú ò ní í tó ìparí rẹ̀, èéfín á bo gbogbo wa, a ó sì máa fà bí ìgbín. Ìyàwó mi á gbé abọ́ ike kan lé itan, á fi aṣọ bò ó, kí àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa má baà rí i bó bá ń bì. Kì í ráhùn. Á nu ẹnu, á bo abọ́, á sì tún kọjú síta. Mẹkáníìkì mi ti yí rọ́bà epo padà, ó ti yí táǹkì padà, òórùn náà ò lọ. Ọkọ̀ àgbà ni. Ó ti fa epo mu títí ó fi di ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ àwa ọmọ Okun ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Garki dìde, ó ní ilé iṣẹ́ kan ti kó ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn wọlé, pé àwọn awakọ̀ takisí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń wá láti gbé e fún, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Iná wo? Èyí tí a fi ń lọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀?" Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, mo sọ fún ìyàwó mi.

Ó ní, "Kò ní epo nínú rárá?"

"Kò ní."

"Kò sì ní rùn?"

"Iná ni. Kí ló fẹ́ máa rùn?"

Ó ní, "Ẹ lọ gbọ́ tẹnu wọn."

Mo lọ. Wọ́n gba orúkọ mi, wọ́n ní kí n wá wa ọkọ̀ náà wò lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ọjọ́ tí wọ́n dá yìí bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwòsàn. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò yí i. Nítorí náà àwa méjèèjì la jọ jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, èmi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ sí ìgbéyàwó.

Ọgbà ilé iṣẹ́ náà kò jìnnà sí Area 1. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bì kí a tó débẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rí bó ṣe fara ti ọkọ̀, ó sáré gbé àga tirẹ̀ fún un lábẹ́ igi dongoyárò. "Sànnu, Màmá," ó ní. Ìyàwó mi ní, "Yauwa, sànnu," ó jókòó, ó di ojú.

Ọmọbìnrin kan ló jáde wá bá mi, ó wé hìjáàbù, ó wọ kóòtù lé e. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fi kí mi, gẹ̀ẹ́sì tó dán bíi tàwọn tó ń ka ìròyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ tí mo kọjú sí ìyàwó mi pé, "Ṣé kò sí wàhálà o?" ojú rẹ̀ yí padà.

"Haà, Yorùbá ni yín! Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ Ìlọrin ni mí."

"Okun ni tiwa, lápá Kogí."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyàwó mi, tòun ti kóòtù rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọkọ̀ funfun ni. Iwájú rẹ̀ dí pátápátá, kò ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó dà bí ojú tí wọ́n gbàgbé láti fi imú sí. Mo wọlé, mo jókòó. Kò sí kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnì kan. Mo tẹ̀ ẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀.

"Ẹ ti sítáátì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, sà. Ẹ ti wá pa á báyìí."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí kò tíì sí irun lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ ti tàn. Ẹsẹ̀ òsì mi ń wá kílọ́ọ̀ṣì kiri ilẹ̀, kò rí i. Ọwọ́ mi ń wá jíà, kò rí i. Níwájú mi, gíláàsì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn mí, àti ẹ̀ṣọ́ tó ń wò wá, àti ìyàwó mi lábẹ́ igi, kékeré bí ọmọdé.

A yí ọgbà ká. Nígbà tí a padà dé iwájú ọ́fíìsì, mo pa ọkọ̀, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, àwọn ibo la lè wà á dé?"

"Ibi tó bá wù yín láàárín ìlú, sà, kó má ṣáà pẹ́ jù."

"Ilé ìwòsàn ni ìyàwó mi ń lọ lónìí. Òórùn epo ló ń dà á láàmú nínú ọkọ̀ mi."

Ó wo abọ́ tó wà lórí itan ìyàwó mi. Ó wo ẹ̀yìn, síhà ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé màmá wá."

Báyìí la ṣe jáde, ọmọbìnrin náà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyàwó mi lẹ́yìn. Bí mo ṣe fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan tọrọ́tù, ọkọ̀ fò síwájú bí ẹṣin tí oyin ta. "Ẹ rọra, sà, kò fẹ́ agbára," ọmọbìnrin náà wí, ó di ilẹ̀kùn mú. Mo kọ́ ọ. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan rọra dì í mú láti ẹ̀yìn, débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo bíréèkì. A dé ibi òkè. Takisí mi kì í gun òkè yẹn láìkérora, mo máa ń bá a tẹ orí síwájú ni. Ọkọ̀ yìí gùn ún bí ẹni ń rìn lórí pẹrẹsẹ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Mò ń gbọ́ táyà lórí títì. Mò ń gbọ́ aago ọwọ́ ọmọbìnrin náà bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó gbé ọsàn rékọjá títì níwájú wa láìwo ẹ̀gbẹ́ nítorí kò gbọ́ wa, mo dúró gbọ̀n-ọ́n, ó pariwo, "Kai!" ó ju ọwọ́ sí wa. Mo ronú pé ọkọ̀ tí kò lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni nìyí.

Gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń dẹtí sílẹ̀ de ìyàwó mi. Mo mọ ìró èébì rẹ̀ bí mo ṣe mọ ohùn rẹ̀: á kọ́kọ́ gbé itọ́ mì, á họ ọ̀fun, lẹ́yìn náà ni. Mi ò gbọ́ ọ. Mo gbójú sí dígí, mo rí i pé ọrùn rẹ̀ ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ké pè é.

Ọmọbìnrin náà yára yíjú wẹ̀yìn. Ó gbé ìka sí ẹnu. "Wọ́n ń sùn ni, sà."

Ó ń sùn. Obìnrin tí kì í sùn lóru nítorí ara yíyún, tí kì í sùn lọ́sàn-án nítorí ìrònú. Abọ́ ike ti yọ̀ sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ.

A dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Mi ò yà. Mo wà á kọjá lọ, mo yípo, mo gba títì gbọọrọ kan tí igi wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin náà rí i. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Kò burú, sà. Mo lè sọ pé ọ̀nà dí."

Mo wa ọkọ̀ náà bí ẹni gbé ẹyin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí gbogbo rẹ̀: àárọ̀ tí a ó máa jáde láìsí abọ́, bí á ṣe máa bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bíi tàtijọ́, bí ó ṣe lè tún sanra díẹ̀. Ẹ̀rín kan ń rìn mí nínú. Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbé irú ìrètí bẹ́ẹ̀ sára nìyẹn.

Nígbà tí mo yà wọlé níkẹyìn, ó jí. "A ti dé? Ọkọ̀ yìí ò sọ̀rọ̀ rárá." Ó wo abọ́ tó wà nílẹ̀, ó gbé e, ó yí i wò bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Bí mo ṣe ń dì í mú wọlé, ó sọ ọ́ sí mi létí, kí ọmọbìnrin náà má baà gbọ́: "Ẹ má jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ jù o."

Lójú ọ̀nà àbọ̀ ni ọmọbìnrin náà bi mí pé, "Sà, ṣé iná yín dáa níbi tí ẹ̀ ń gbé? Nítorí inú ilé lẹ ó ti máa fi sí ṣáàjì lálaalẹ́."

Mo ní, "Iná ń wá." Kò bi mí ìgbà wo ló wá kẹ́yìn.

Wọ́n rán ọkùnrin kan wá wo ilé wa. Ọmọlúàbí ni, ó bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá. Ó wo òpó iná tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo wáyà tí a fi igi tì kó má baà kan páànù, ó wo ẹ̀gbẹ́ kànga tí mo ní ọkọ̀ á máa sùn sí. Ó béèrè tiransífọ́mà. Mo mú un lọ síbẹ̀. Ó ti jóná láti ìgbà òjò, koríko ti hù yí i ká, àwa ará àdúgbò sì ti dáwó fún un títí a fi dákẹ́. Ọkùnrin náà fọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

Ọmọbìnrin Ìlọrin náà ló pè mí lórí fóònù fúnra rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo lè máa sùn sínú ọgbà wọn pẹ̀lú ọkọ̀ náà, kó máa gba ṣáàjì lọ́dọ̀ wọn. Ó ní àyè ọgbà ti kún, àwọn awakọ̀ tí wọ́n gbà, inú ìlú tí iná wà ni gbogbo wọn ń gbé. "Mo bá yín sọ̀rọ̀ títí, sà," ó ní. Mo gbà á gbọ́. Ó ní kí n bá òun kí màmá.

Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Mi ò tíì la ẹnu tó fi ní, "Mo mọ̀." Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

A padà sínú takisí wa. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bóyá àìsàn náà ló le sí i, bóyá nítorí pé ó ti mọ bí ó ṣe rí láti jókòó sínú ọkọ̀ láìjìyà, mi ò mọ̀. Kó tó jáde nílé ni á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tó yá, ó ní kí a fo ilé ìwòsàn ọjọ́ kan. Mo bínú, mo gbé e lọ. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún sọ ọ́. Ọmọ wa ọkùnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí a bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí ó fi sunkún. Ìyàwó mi dá a lóhùn jẹ́ẹ́, ó ní òun gbọ́. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ mú mi lọ sílé."

Mo mọ ilé tó ń sọ. Mi ò bá a jà mọ́. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ lọ, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú títí a fi kọjá Lọ́kọ́jà. Kí àwọn ará ilé tó wa iṣu tuntun, a ti sin ín.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn àgbà ìlú wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró níwájú èmi àti ọmọ mi. "Òkun o," wọ́n ń wí, "òkun o," bí àwa Okun ṣe ń kíra wa, wọ́n sì ń fi èdè ilé wa sọ̀rọ̀ gígùn. Abuja la ti tọ́ ọmọ náà. Ó ń mi orí sí gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n kọjá, ó tẹ̀ mọ́ mi, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ.

Mo ní wọ́n ń kí wa ni.